Ẹ má tíì ra gardenia: ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí

Ẹ̀yin ará wa Oókun tẹ́ ẹ fẹ́ràn òdòdó, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ojú ń tì mí láti kọ èyí, àmọ́ bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíì á tún kó sí i. ₦47,500 ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe owó ilẹ̀, kì í ṣe owó mọ́tò. Owó òdòdó gardenia, igi òdòdó funfun tó ń ta sánsán yẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni. Mo lọ ra òwú àti bọ́tìnnì ní Lọ́kọ́ja, bí mo ṣe ń padà bọ̀ sí gáréèjì ni òórùn dídùn kan gbá mi nímú. Ẹni tó bá ti gbóòórùn gardenia rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Mo yà. Yíyà tí mo yà yẹn ni gbogbo ẹ̀bi mi. Ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó to igi inú ọ̀rá sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ó pè mí ní "Mọ́mì mi", ó ń wọ́n omi sórí ewé, gbogbo ẹ̀ ń dán.

Ó ní oríṣi méjì ni. Funfun, ₦12,000. Èyí tó dà bíi bọ́tà, ₦15,000, ó ní òkè òkun ni irú ẹ̀ ti wá. Mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ mi o: igi kan náà ni! Funfun ni òdòdó gardenia máa ń là. Tó bá lo ọjọ́ díẹ̀, á pọ́n rúsúrúsú, á wá rẹ̀ dànù. Òdòdó tó ti gbó ló fi ₦3,000 lé lórí fún mi. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ra ẹ̀kọ àná lówó tó ju ti òní lọ rí? Èmi rèé.

Ó tún fi méjì kéékèèké kún un, ₦7,000 ẹyọ kan, ó ní wọ́n á tanná kí ọdún Àjíǹde tó dé. ₦41,000. Mo ná an títí, kò yọ kọ́bọ̀.

Orí itan mi ni mo gbé wọn sí nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tá a dé Ọbájànà tí eruku tírélà bò wá, ìborùn mi ni mo fi bò wọ́n, èmi fúnra mi ń wúkọ́. Ìyá kan lẹ́yìn ní, "Mọ́tò yìí mà ń ta sánsán o." Inú mi dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀.

Ọjọ́ kẹrin, òdòdó rẹ̀. Ìrudi tí ò tíì là ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ wo ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá? Ohun tó ń bí mi nínú ni pé irọ́ tó da òótọ́ bora ni. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, tàbí tí wọ́n gbé e kúrò níbi tó ti mọ́ ọn lára, gardenia máa ń gbọn ìrudi dànù lóòótọ́. Bí mo ṣe gbà pé èmi ni mo pa á nìyẹn.

Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó ní omi pọ̀ jù. Mo dín in kù. Ó ní omi ò tó. Ó ní kí n bu eérú sí ìdí ẹ̀, mo bu eérú àrò, agolo kan fún ìkòkò kan. Ẹ má dán an wò! Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ni gardenia fẹ́, pH (ìwọ̀n kíkan ilẹ̀) 5 sí 6. Eérú ń pa kíkan yẹn ni, igi ò sì ní lè fa irin nínú ilẹ̀ mọ́. Ìyẹn lẹ ṣe máa ń rí ewé tó pọ́n tí iṣan ẹ̀ ò tíì pọ́n. Nígbà tó yá ló ní kòkòrò ni, kí n fi ₦6,500 ránṣẹ́ fún oògùn. Mo fi ránṣẹ́! Ike náà dé gáréèjì Kàbà, mo mì í, ó ń hó. Ọṣẹ ìfọbọ́ ni, ó ń rùn bí ọsàn wẹ́wẹ́. Mo mọ̀ pé omi ọṣẹ díẹ̀ máa ń pa kòkòrò funfun tó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé, tó ń sọ ewé di dúdú bí ẹni fi èédú kùn ún. Ṣé kò sí ọṣẹ nílé mi ni? Kòkòrò kankan ò sì sí lára igi yẹn. Kí ni kòkòrò fẹ́ jẹ lára òkú?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀gbìn ní Kàbà ló wá kí mi ní Sátidé. Ó di "oníbọ́tà" mú, ó fà á díẹ̀, ó yọ bí ẹni yọ ṣíbí nínú ògì. Gbòǹgbò kan ò sí. Ojú ọ̀bẹ ló wà nídìí ẹ̀. Èkejì náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka ló gé lára igi ńlá níbìkan, ó tì í bọ yẹ̀pẹ̀, ó tà á fún mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ má sì sọ fún mi pé gígé ni wọ́n ń gé e gbìn, mo mọ̀! Ẹ̀ka ọ̀dọ́ tí ò ru òdòdó ni wọ́n ń gé, á sì lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ níbi tó tutù kó tó ta gbòǹgbò.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò fà á wò. Ta ló ń fa òdòdó tu níwájú ẹni tó ń tà á? Ó dáa, ó yẹ kí n gbé ọ̀rá náà sókè, kí n wo ihò abẹ́ ẹ̀ bóyá gbòǹgbò funfun yọ. Ó yẹ kí n mi ìdí igi jẹ́ẹ́. Mi ò ṣe é.

Èyí tó kù ló dùn mí jù. Méjì kéékèèké ò kú. Ṣe ni wọ́n ń dàgbà, mo sì ń fi wọ́n tu ara mi nínú, títí ìyá mi fi ti Ìyàmoyè dé. Ó tẹjú mọ́ wọn, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kọfí lo wá ń gbìn síwájú pálọ̀ báyìí?"

Kọfí! Èmi ọmọ àgbẹ̀ kọfí! Owó oko kọfí bàbá mi ló rán mi nílé ìwé, mo ti ń já kọfí kí n tó mọ a-b-d, mo wá san ₦14,000 fún ẹsẹ̀ méjì. Ẹ ṣàánú mi, mọ̀lẹ́bí ni kọfí àti gardenia: ewé méjèèjì ń dán, òdòdó kọfí náà funfun, ó ń ta sánsán. Àmọ́ ewé kọfí fẹ́lẹ́, etí ẹ̀ ń lọ́ bí ìdí yẹ̀rì. Ti gardenia ki, ó le, nígbà míì mẹ́ta-mẹ́ta ló ń yọ lójú kan. Èmi tí mò ń rán yẹ̀rì jẹun!

Mo padà lọ bá ọkùnrin tó tà á fún mi. Ó ní òun ò rí mi rí. Níṣojú àwọn ọlọ́kadà! Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó dá mi lójú pé gbogbo wọn ló mọ̀. Mi ò fọkàn tán ọlọ́jà kankan mọ́. Obìnrin tó ti ń ta irúgbìn ata fún mi láti ọdún mẹ́wàá, mo ní kó fi gbòǹgbò hàn mí lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú.

Bí gbòǹgbò bá ní kókó-kókó, aràn inú ilẹ̀ ni, ẹ má gbé e wálé. Oòrùn àárọ̀, ìbòòji ọ̀sán ni gardenia fẹ́. Mi ò lágbára àlàyé mìíì.

Ìyá mi ò gbà kí n tu kọfí méjèèjì. Ó ní wọn ò ṣẹ̀ mí. Àná ni mo rí ọkùnrin náà lórí Facebook: "oníbọ́tà" ti di ₦18,000, ó ní ó ku méjì péré.