Ìyá Télọ̀ Kò Bóra O: Ìrírí Mi Lórí Oògùn Imatinib

Imatinib ni orúkọ oògùn náà. Oníhóró ni, 400mg, ẹyọ kan lóòjọ́. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní CML ni mo ń lò ó fún. Aránṣọ ni mí l'Óṣogbo, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì, n kò sì tajà oògùn. Ohun tí ojú mi rí lára rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ibi tó dára sí àti ibi tó ti ń yọni lẹ́nu, nítorí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ fún máa ń béèrè lọ́wọ́ mi.

Kì í ṣe ìrora ló gbé mi dé ọsibítù. Apá òsì ikùn mi, lábẹ́ egungun ìhà, ló wú tó sì le. Mo bá jẹ òkèlè mẹ́ta, mo ti yó. Òógùn ń bò mí lóru, mo ń rù, àwọn oníbàárà sì ń kí mi pé mo kú iṣẹ́ dáyẹ́ẹ̀tì. Ọlọ inú mi ló wú tó ń ti agbẹ̀du. Nígbà tí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ mi, sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó wà láàárín 4,000 sí 11,000 ti lé ní 200,000.

Ọmọkùnrin kan ní ilé àyẹ̀wò ní kí n wá yọjú sínú máíkírósíkóòpù. Ó fi sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó hàn mí: kókó inú rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó tún fi èyí tí kò tíì gbó hàn mí: kókó tirẹ̀ tóbi, ó rí roboto, kò pín rárá. Inú mùdùnmúdùn egungun ló yẹ kí irú ìyẹn wà títí yóò fi gbó. Tèmi ti tú jáde, wọ́n kún ojú gíláàsì, àgbà àti ọmọdé wọn pọ̀ mọ́ ara wọn. Èyí tó ń bani lẹ́rù jù lọ nínú CML ni kí àwọn ọmọdé yẹn máa pọ̀ sí i títí wọn yóò fi gba gbogbo àyè.

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń tọ ipasẹ̀ ohun tó ń fà á. Ní 1960, Peter Nowell àti David Hungerford rí krómósómù kan (okùn tó ru jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé) tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn tó ní àìsàn yìí. Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, orúkọ ìlú náà ni krómósómù ọ̀hún sì ń jẹ́ títí dòní. Ní 1973, Janet Rowley ní Chicago fi hàn pé pàṣípààrọ̀ ló ṣẹlẹ̀: krómósómù kẹsàn-án àti ìkejìlélógún já, èyí gba ìdí ti ìyẹn, ìyẹn gba ti èyí. Níbi tí wọ́n ti so pọ̀, jíìnì méjì tí kò bára wọn tan di ọ̀kan, purotéènì (irú ẹ̀rọ tíńtín tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́) tí kò yẹ kó sí láyé sì jáde láti inú rẹ̀. BCR-ABL ni wọ́n ń pè é, orúkọ jíìnì méjèèjì tó so pọ̀. A kì í bí i mọ́ni, a kì í sì fi í ṣe ogún fún ọmọ. Mo ní kí n tètè sọ ìyẹn, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àbúrò ọkọ mi bi mí nìyẹn.

ABL tí Ọlọ́run dá mọ́ wa ń gba àṣẹ kó tó ṣiṣẹ́. Bí àmì bá wọlé, á ṣí, á jíṣẹ́ fún àwọn tó kù nínú sẹ́ẹ̀lì, á sì tún padé. BCR-ABL kì í dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo ẹ̀rọ ìránṣọ oníná, ẹ ro ìgbà tí pẹ́dà bá há mọ́lẹ̀: ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, abẹ́rẹ́ kò dúró. Ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pín, kó má sì kú nígbà tó yẹ kó kú. Ó tún ń da àwọn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì rú, áktíìnì, àwọn tó ń fún sẹ́ẹ̀lì ní ìrísí tó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti di ilé rẹ̀ mú nínú mùdùnmúdùn. Sẹ́ẹ̀lì tí kò di ilé mú á já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ láìtọ́jọ́. Ohun tí mo rí lójú gíláàsì nìyẹn.

Wàyí o, iṣẹ́ oògùn. Kòtò kan wà lára ABL tí ATP ń wọ̀, ATP sì ni agbára tó fi ń ṣiṣẹ́. Imatinib á lọ gba kòtò yẹn, pàápàá nígbà tí purotéènì náà bá wà ní pípadé, kò sì ní jẹ́ kó ṣí mọ́. Àwọn ará ilé iṣẹ́ Ciba-Geigy ní Basel, ní Switzerland, Nicholas Lydon wà lára wọn, ló ṣe é. Brian Druker ní Oregon ló tẹpá mọ́ ọn pé kí wọ́n dán an wò lórí CML. Ní 1998 ni aláìsàn àkọ́kọ́ lò ó, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún 2001.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fún un ní máàkì. Hydroxyurea ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi kí àyẹ̀wò tó jáde. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín kíákíá ló ń dá dúró, kò mọ ti àìsàn yàtọ̀. Iye sẹ́ẹ̀lì funfun wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n krómósómù Philadelphia jókòó síbẹ̀. Imatinib ní tirẹ̀ mọ ilé ẹni tó ń wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ti padà sí bó ṣe yẹ, ikùn mi rọ̀, mo sì tún lè jẹ àmàlà débi tí mo fẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ o. Ara yíyá kọ́ ni òṣùwọ̀n oògùn yìí. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n fi ń wá BCR-ABL gan-an nínú ẹ̀jẹ̀, PCR. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kó má ju 10% lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó sì wá wálẹ̀ dé 0.1% tàbí kó kéré sí i. Bàbá kan tí a jọ máa ń jókòó ní kílíníìkì rí i pé ara òun ti le, ó pa oògùn tì, ó ń lọ sóko. Nígbà tó fi máa padà dé, ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ ti rí bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n fi tẹ̀ lé àwọn aláìsàn fún ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí 83 nínú 100 àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú imatinib ló ṣì wà láàyè. Àwọn tó ń lò ó ni mò ń wí, kì í ṣe àwọn tó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó ku ti ìyọnu. Ẹ má fi ikùn òfìfo gbé e mì láéláé. Oúnjẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ, kí omi sì kún kọ́ọ̀bù ńlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èébì á gùn yín. Alẹ́ ni mo ń lo tèmi, lẹ́yìn oúnjẹ, tí mo bá sì lò ó tán n kì í tètè dùbúlẹ̀. Ojú máa ń wú láàárọ̀, abẹ́ ojú pàápàá. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bá mi fi òwú sí abẹ́rẹ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Èyí tó dùn mí jù ni pajápajá. Lóru, iṣan ẹsẹ̀ á fà, á dì, mà á fò dìde lórí ibùsùn. Lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ pẹ́dà náà ló ń mú. Dókítà ní kí n máa mu omi dáadáa, kí n sì máa na ẹsẹ̀ kí n tó sùn. Ó dín kù, kò lọ.

Àti àwọ̀ ara. Ọmọ dúdú ni mí, dúdú bí ìyá mi ṣe bí mi. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí mo ti ń lò ó, àwọ̀ ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Oníbàárà kan tó wá gba bùbá rẹ̀ wò mí títí, ó ní, "Ìyá Télọ̀, ẹ̀yin náà ti ń bóra? Kíríìmù wo lẹ ń pa tó mú yín dáadáa báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Imatinib kì í dí ABL nìkan, ó ń dí purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ KIT pẹ̀lú, KIT yẹn sì wà lára ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dúdú ara nílò. Tí KIT bá dákẹ́, dúdú á dín kù. Kò léwu, ṣùgbọ́n nílùú wa tí ẹnu kì í sinmi, ẹ múra ìdáhùn sílẹ̀. KIT yìí kan náà ló jẹ́ kí wọ́n máa lo oògùn yìí fún irú kókó kan tó ń hù nínú ikùn, GIST. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba àìsàn bẹ́ẹ̀, ẹ má bá mi fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé ọmọ. Kò sí BCR-ABL níbẹ̀ tí yóò dí.

Ní ti rírí i: fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ilé-Ifẹ̀ ni gbogbo Nàìjíríà ń wá gbà á, ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní 2003, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi, ni àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba Glivec, orúkọ tí wọ́n fi ń ta imatinib, lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ nípasẹ̀ ètò ìrànwọ́ àwọn tó ń ṣe é. Ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ owó, tí ì bá kọjá agbára aránṣọ bíi tèmi, di ohun tí kò gbà ju owó ọkọ̀ lọ lọ́wọ́ wa. Àwọn ilé iṣẹ́ Íńdíà náà ń ṣe irú rẹ̀ tó dínwó, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ sì kọ̀ ní 2013 láti fún Novartis, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Glivec, ní àṣẹ oníhùmọ̀ tó ń béèrè, ìyẹn àṣẹ pé kí òun nìkan máa ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó gba ibi tí dókítà bá júwe. Ẹnìkan ti gbé hóró inú ọ̀rá wá bá mi rí, kò sí páálí, kò sí déètì, ó ní ìkan náà ni. Mo ní kó máa gbé e lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó lóyún, torí ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ẹ sọ gbogbo àgbo tẹ́ ẹ bá ń mu fún wọn, ẹ sì yẹra fún gírépù (grapefruit, èyí tó jọ ọsàn), ó ń jẹ́ kí oògùn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà mìíràn ara BCR-ABL fúnra rẹ̀ máa ń yí padà, kòtò yẹn kò sì ní gba imatinib mọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní T315I ló le jù. Àwọn oògùn mìíràn wà fún ìyẹn, ẹ má torí rẹ̀ sá lọ sórí òkè.

Mo fún un ní 4 nínú 5, pajápajá ló jẹ ìkan yòókù. Mo ti bi dókítà bóyá mo lè dá a dúró lọ́jọ́ kan. Ó ní ó ṣeé ṣe fún àwọn tí BCR-ABL wọn ti wálẹ̀ gidigidi fún ọdún púpọ̀, pé nínú àwọn tó dán an wò lábẹ́ àbójútó, nǹkan bí ìdajì ni àìsàn kò padà bá, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lóṣooṣù. Ìwé àyẹ̀wò tèmi kò tíì dé ibẹ̀. Mo ní kó kọ ti oṣù mẹ́ta mìíràn fún mi.