Lexus GX 470 tó ń lo éà lẹ́yìn: tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e sókè, ṣé éà náà lẹ máa fi ṣe é àbí sípíríǹgì?

Látìgbà tí mo ti gbé jíípù mi sókè, kò síbi tí mo máa páàkì sí, ì báà jẹ́ Ọjà Ọba ì báà jẹ́ Alágbàká ní Àkúrẹ́ níbí, tí ẹnì kan ò ní sún mọ́ mi pé "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é? Èmi náà ní GX 470, mo fẹ́ kó ga." Mo máa ń dá wọn lóhùn lójú títì, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ju ti ojú títì lọ, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti ẹ́ńjìnnì V8 4.7 lítà àti bó ṣe ń mu epo, gbogbo yín lẹ mọ̀yẹn. Èyí tó kàn wá ni pé sípíríǹgì irin ló wà níwájú ẹ̀, báàgì éà méjì, ìyẹn àpò rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ló wà lẹ́yìn, pẹ̀lú kọ́ńpẹ́rẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ éà sí wọn àti sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí ṣásíì, egungun ọkọ̀, ṣe jìnnà tó sí áásù, irin tó so wíìlì ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Iwájú ò ní wàhálà, ẹ ra sípíríǹgì tó ga ní ínṣì méjì àti ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu, ó tán. Ẹ̀yìn ni ejò ń gbé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ táwọn èèyàn ń gbà. Mo ti lo méjì nínú ẹ̀, ọ̀kan tó kù wà lára mọ́tò ọ̀rẹ́ mi kan ní Oǹdó, mo sì ti wà á dáadáa.

Àkọ́kọ́, títan sẹ́ńsọ̀ jẹ. Wọ́n á yí apá irin kékeré tó so sẹ́ńsọ̀ mọ́ áásù padà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á wá rò pé ẹ̀yìn ti lọ sílẹ̀, á máa fẹ́ éà sí báàgì títí táá fi ga débi tẹ́ ẹ fẹ́. Wákàtí kan ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ yẹn, owó ẹ̀ ò sì tó owó tàyà kan. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ ra báàgì éà tuntun, kẹ́ ẹ fi irin ìgbéga sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ra ṣọ́ọ̀kì tó gùn, kẹ́ ẹ sì tún sẹ́ńsọ̀ gbé sí ipò tuntun. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kẹ́ ẹ yọ éà kúrò pátápátá, kẹ́ ẹ fi sípíríǹgì irin sẹ́yìn bó ṣe wà níwájú.

Báwọn èèyàn bá ń fi wọ́n wéra, owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà wọ́n á ní èwo ló rọ̀ jù lójú ọ̀nà. Èmi ò sọ pé ìyẹn ò dáa. Àmọ́ ìbéèrè tó jẹ mí lówó ni pé: tí nǹkan yìí bá máa bàjẹ́, ibo ló máa bàjẹ́ sí, ṣé màá lè wa ọkọ̀ náà délé lọ́jọ́ náà?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbà. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó bá mi ṣe é mọ iṣẹ́ ẹ̀, mọ́tò ga, gbogbo àdúgbò kí mi kú oríire. Oṣù October ni, kòkó ti ń jáde, òjò ò sì tíì dáwọ́ dúró. Mo gba ọ̀nà Ìdànrè lọ sóko bàbá mi, èmi àti àbúrò mi, a di àpò kòkó mẹ́fà sẹ́yìn, àpò kan lé ní 60 kílò, ẹ ṣírò ẹ̀. A jáde nínú oko, ẹ̀yìn dúró dáadáa, inú mi dùn. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ tí kọ́ńpẹ́rẹ́sọ̀ ń kùn lábẹ́ ọkọ̀, mo ní á dákẹ́ láìpẹ́, kò dákẹ́, ó ń kùn lọ ràì, nígbà tó ṣe ohùn ẹ̀ yí padà, ó wá dákẹ́ lójijì, ẹ̀yìn mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń wá àga. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Nígbà tí màá fi wojú ọ̀nà, iná iwájú ti ń tàn sórí igi kòkó, kò tàn sílẹ̀ mọ́. Gbogbo kòtò tá a bá kó sí, gbà! ìdí ọkọ̀ ń gbá áásù. Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ wò ó, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wà á mọ́ o, tàyà ti fẹ́ kan fẹ́ńdà." A já àpò mẹ́rin sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn kan ní abúlé tó wà níwájú, a rọra fi méjì tó kù wọ́ dé títì, kílómítà márùn-ún gbà wá ju wákàtí kan lọ. Ọ̀kadà la fi kó ìyókù lọ́jọ́ kejì, owó ni.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo dà á sára báàgì. Níbi tí rọ́bà ti ń ká lura wọn nísàlẹ̀, ó ti là wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́, ìfófòó kéékèèké ń yọ níbẹ̀, ó ń bẹ́, òmíràn ń yọ. Ẹ̀bi àwọn tó ṣe ọkọ̀ kọ́ o. GX 470 tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn, ti ọdún 2009 ni, kò sí èyí tí rọ́bà tó bá a wá ò tíì gbó, èmi wá ní kí rọ́bà tó ti gbó máa dúró ní nínà lójoojúmọ́. Níbi tó ti máa ń ká tẹ́lẹ̀, tí ojú ẹ̀ pa mọ́, ó ti nà síta wàyí, ẹrẹ̀ àti yanrìn wá ń ha á. Kọ́ńpẹ́rẹ́sọ̀ yẹn sì rèé, wọn ò ṣe é fún iṣẹ́ àṣekára, fíìnfín ló yẹ kó fẹ́ kó sì sinmi, tí éà bá ń jò, kò ní í sinmi, ó máa gbóná títí táá fi jóná. Ohun mìíràn tún wà tí wọn ò sọ fún mi: ọkọ̀ ga, ṣọ́ọ̀kì ò gùn sí i. Ṣọ́ọ̀kì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ na tán kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, tí tàyà bá wá já sínú kòtò, kò síbi tó máa nà dé mọ́, gbàgà lẹ máa gbọ́. Mo ra kọ́ńpẹ́rẹ́sọ̀ tòkúnbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó kí n tó gbà. Owó méjèèjì pọ̀ ju owó sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tí mo padà wá rà.

Ti ọ̀rẹ́ mi ní Oǹdó, ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, mi ò lè bú u. Báàgì tuntun ni, ṣọ́ọ̀kì gùn, gbogbo nǹkan wà níbi tó yẹ kó wà, tẹ́ ẹ bá wọnú ẹ̀ láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, ẹ máa sùn lọ. Tó bá di ẹrù, ẹ̀yìn á gbé ara ẹ̀ sókè padà, irin ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Òun kì í wọ oko ṣá. Ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀ṣì, òde, ibẹ̀ ni mọ́tò ẹ̀ ń lọ, ó sì ní sùúrù, oṣooṣù ló ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára báàgì.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo ń lò láti ọdún méjì. Ṣásíì GX 470, ti Toyota Prado 120 àti ti Toyota 4Runner ìgbà yẹn, ọmọ ìyá ni wọ́n, ibi tí báàgì jókòó sí ni sípíríǹgì tiwọn máa jókòó sí, ẹ ò nílò wẹ́lídà. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni bí sípíríǹgì ṣe le tó. Àwọn tó ń ṣe é ní Ọsirélíà, bíi Old Man Emu àti Dobinsons, ìwọ̀n ẹrù ni wọ́n fi ń pín in: ti ọkọ̀ òfìfo yàtọ̀, ti ẹlẹ́rù yàtọ̀. Ẹrù tó ń wà lẹ́yìn lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ fi rà á, ẹ má fi ti ọjọ́ kan lọ́dún rà á. Tèmi le díẹ̀, tí mo bá wà á lófìfo ní Ọ̀yẹ́mẹ́kùn, mò ń mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti lẹ títì. Kẹ́rù tó tó àpò mẹ́ta ṣá, ó ti rọ̀. Iná kékeré kan wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ pé mo ti pa éà, mi ò rí i mọ́. Ohun tó dùn mí jù nínú ẹ̀ ni ti màmá mi. Tẹ́lẹ̀, màá tẹ bọ́tìnnì kí ẹ̀yìn lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, ní báyìí àpótí ni mo ń gbé sílẹ̀ fún wọn, orúnkún sì ń dùn wọ́n.

Àwọn tó kù ò gùn. Ẹ má kọjá ínṣì méjì níwájú, tó bá ti ń sún mọ́ mẹ́ta, ẹ máa ra apá òkè tuntun, irin tó di wíìlì iwájú mú mọ́ ṣásíì lókè, kí àláímẹ́ǹtì tó gbà. Lẹ́yìn, irin gígùn kan wà tó di áásù mú mọ́ ṣásíì lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ọkọ̀ bá ṣe ń ga ló ṣe ń fa áásù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ní ínṣì méjì kò tó nǹkan. Ẹ ṣe àláímẹ́ǹtì, ẹ sì tún iná iwájú rẹ̀ sílẹ̀ torí àwọn tó ń bọ̀ níwájú yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Land Rover Discovery 3, éà wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin èyí tó pọ̀ jù nínú tiyín, kọ̀ǹpútà ẹ̀ sì máa ń bínú tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ má fi tèmi ṣe àpẹẹrẹ.

Torí náà, tó bá jẹ́ pé títì lẹ̀ ń rìn, tówó báàgì tuntun wà lọ́wọ́, tí àgbàlagbà ń wọ mọ́tò yín, ẹ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó dáa. Tó bá jẹ́ pé oko lẹ̀ ń lọ, tẹ́ ẹ sì máa ń wà níbi tí fóònù ò ti lọ nígbà tílẹ̀ bá ń ṣú, ẹ mọ èyí tí mo ṣe. Ti sẹ́ńsọ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe é, kódà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹyọ nǹkan kan, kẹ́ ẹ tó náwó rárá. Ẹ páàkì sórí ilẹ̀ títẹ́jú lálẹ́, ẹ fi tépù wọn ọkọ̀ láti àárín wíìlì ẹ̀yìn dé etí fẹ́ńdà, ọ̀tún àti òsì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó ṣí i, ẹ tún un wọ̀n. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti lọ sílẹ̀, báàgì tàbí páìpù ń jò, ẹ tún ìyẹn ṣe ná. Tèmi fi ìka mẹ́ta lọ sílẹ̀ mọ́jú, ọ̀sẹ̀ méjì kó tó di ọjọ́ kòkó yẹn.