Kẹ̀kẹ́ eré ìje tòkunbọ̀: ẹ ka eyín rẹ̀ kí ẹ tó wo ọ̀dà ara rẹ̀

Kẹ̀kẹ́ tí à ń yẹ̀ wò níbí kì í ṣe ti Márúwà. Báísíkù ni, èyí tí hándù rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo àgbò, tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, tí férémù rẹ̀ jẹ́ àlúmíníọ̀mù, tí fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Irú rẹ̀ máa ń bá ẹrù tòkunbọ̀ mìíràn wọ Ìbàdàn láti Èkó. Gíà ẹ̀yìn rẹ̀ á jẹ́ mẹ́jọ, mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, orúkọ Shimano ló sì wọ́pọ̀ jù lára wọn: Claris, Sora tàbí Tiagra. Bí ẹ bá gbé e sórí ìwọ̀n, kìlógíráàmù mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ààbọ̀ ni ẹ máa bá.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sáré ìje, tàbí tó fẹ́ máa gùn ún láti Ológuneru lọ síbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, ó sàn ju kẹ̀kẹ́ tuntun olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi sípíríìnì sí níwájú àti láàárín. Sípíríìnì yẹn wúwo, ó sì ń mì lábẹ́ ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, agbára tó yẹ kó gbé e lọ síwájú ń ṣòfò sínú mímì. Férémù tòkunbọ̀ le, kì í jẹ agbára ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan tí ẹni tó ń tà á kì í sọ, nítorí pé òun náà kì í gùn ún: ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Ìbàdàn ni a wà, ìlú tí wọ́n ní orí òkè méje ló jókòó lé.

Nítorí náà, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ náà délẹ̀ níwájú ọlọ́jà, kí ẹ ka eyín. Wọ́n sábà máa ń tẹ iye eyín sára àwo irin iwájú, àti sára eyín ẹ̀yìn tó tóbi jù. Bí iwájú bá jẹ́ 53 àti 39, tí ẹ̀yìn sì jẹ́ 12 sí 25, kẹ̀kẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí táyà ẹ̀yìn bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ń rin nǹkan bí mítà 2.1. Ẹ pín 39 sí ọ̀nà 25, kí ẹ fi 2.1 sọ ọ́ di púpọ̀: mítà 3.28 ni kẹ̀kẹ́ ń lọ bí ẹsẹ̀ bá yí po lẹ́ẹ̀kan lórí gíà tó fúyẹ́ jù. Bí ẹsẹ̀ bá ń yí nígbà 80 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó rọ orúnkún lọ́rùn lórí òkè, ìyẹn jẹ́ kìlómítà 15.7 ní wákàtí kan. Ẹni tí kò bá lè sá eré yẹn láti Bẹẹrẹ gun Òkè Màpó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa falẹ̀ lórí pẹ́dáàlì, á dìde dúró, á máa fa hándù sọ́tùn-ún sósì, orúnkún ló sì máa san gbèsè náà lálẹ́. Ẹ wá fi 34 sí iwájú àti 32 sí ẹ̀yìn. Mítà 2.23 ni, ìgbà 80 náà á sì di kìlómítà 10.7 péré. Òkè kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, ó ti di nǹkan tí èèyàn lè gùn lórí ìjókòó.

Kò sí ìtìjú nínú gíà kékeré. Kigali ní Rwanda, ìlú olókè bí tiwa, gbàlejò ìdíje àgbáyé kẹ̀kẹ́ ojú títì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ilẹ̀ tí èèyàn fẹ́ gùn ló yẹ kó yan gíà fún un, ì báà jẹ́ ọ̀gá eléré, ì báà jẹ́ ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún gíà náà ṣe. Èyí tí kò náni lówó púpọ̀ ni kí ẹ pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkójọ eyín ẹ̀yìn, nìkan sí èyí tó jẹ́ 11 sí 28. Pẹ̀lú àwo 39, ó máa gbé ìgbà 80 yẹn wá sílẹ̀ sí kìlómítà 14. Ó dín díẹ̀, kò tó. Ẹ má sì fi 32 sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo apá gíà ẹ̀yìn, irin tó ní yíyí kékeré méjì tó ń di ṣéènì mú. Bí apá náà bá kúrú, eyín 27 tàbí 28 ló mọ. Yíyí òkè rẹ̀ á máa ha eyín 32. Apá gígùn ni 32 ń fẹ́.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ pẹ́dáàlì, irin tí pẹ́dáàlì àti àwo iwájú so mọ́, lódindi sí ti 50 àti 34. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra àwo 34 nìkan wá, wọ́n á gbé e dé ilé, kò ní wọlé. Ohun tó fà á ni pé ihò síkúrù wọn kò jìnnà bákan náà. Lára ẹsẹ̀ pẹ́dáàlì alápá márùn-ún, ẹ fi rúlà wọn àárín síkúrù kan sí àárín èyí tó tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ mìlímítà 76, ti 39 ni, àwo 38 ló kéré jù tó lè wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ mìlímítà 65, àwo 34 wọ̀ ọ́ dáadáa. Wíwọ̀n yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lẹ́yìn tí 50 bá ti rọ́pò 53, ẹ gbé irin tó ń ti ṣéènì níwájú sọ̀ kalẹ̀ títí àlàfo mìlímítà 1 sí 3 á fi wà láàárín òun àti orí eyín àwo ńlá. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lókè, ṣéènì á máa fò sílẹ̀.

Gígùn ṣéènì ṣe pàtàkì jù gbogbo èyí lọ. Ẹ gbé ṣéènì tuntun yí àwo iwájú tó tóbi jù àti eyín ẹ̀yìn tó tóbi jù ká, láì fi bọ inú apá gíà. Ibi tí orí méjèèjì ti pàdé, ẹ fi ẹyọ méjì sí i, ìyẹn íǹṣì kan, kí ẹ tó gé e. Bó bá kúrú, lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá ṣèèṣì gbé gíà sí ńlá-ńlá, ó máa fa apá gíà ya kúrò lára férémù. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ kán ni etí kékeré tí wọ́n so apá náà mọ́. Férémù kọ̀ọ̀kan ló ní irú etí tirẹ̀, wíwá rẹ̀ ní Ìbàdàn lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá rí ojúlówó etí tó bá férémù yín mu, ẹ ra ẹyọ kan pa mọ́.

Lẹ́yìn gíà, táyà. Èyí tó bá kẹ̀kẹ́ wá sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 23, ó sì ti gbẹ nínú ìpamọ́. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Bó bá là bí gìgísẹ̀ tí ọyẹ́ mú, ẹ má gùn ún lọ ibì kankan. 25 ni kí ẹ fi sí i, tàbí 28 bí àlàfo tó tó mìlímítà 4 bá ṣẹ́kù lábẹ́ bíréèkì àti láàárín fọ́ọ̀kì. Fún ẹni tó wọn kìlógíráàmù 75, géèjì 75 níwájú àti 80 lẹ́yìn tó fún táyà 28; fún 25, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 85 àti 90. Àwọn kan gbà pé bí táyà bá ṣe le tó ló ṣe ń yá tó. Lójú títì tó ti họ, táyà tó le jù ń ta pọ́n-ún-pọ́n-ún lórí òkúta, eré ń dín kù, ọwọ́ sì ń kú tipiri. Bó bá sì rọ̀ jù, kòtò kan ṣoṣo níwájú Micra tó dúró lójijì á fún túùbù mọ́ rímù. Ẹ óò mọ̀ ọ́n nípa ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò. Ihò kan ṣoṣo, ìgò tàbí ìṣó ni. Ẹ fi ìka wá inú táyà kí ẹ tó fi túùbù tuntun sí i.

Ẹnu túùbù kẹ̀kẹ́ yìí tẹ́ẹ́rẹ́, ti fọ́kánáísà kò sì lè bá a mu. Irin kékeré aláwọ̀ idẹ kan wà tí wọ́n ń yí mọ́ ọn lórí tó máa ń jẹ́ kó bá a mu; kò wọ́n, ẹ máa fi ẹyọ méjì sí àpò. Ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì kékeré orí ẹnu túùbù náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé. Kí ẹ sì sọ fún fọ́kánáísà kó máa fún un díẹ̀díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń tú fún táyà mọ́tò lè bẹ́ túùbù yín láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi dírìlì fẹ ihò rímù kí ẹnu túùbù ńlá lè wọ̀ ọ́. Mìlímítà 6.5 ni ihò yẹn, ti ńlá jẹ́ 8.5, rímù tẹ́ẹ́rẹ́ kò sì ní ẹran tó pọ̀ níbẹ̀.

Bíréèkì rẹ̀ dára lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Lásìkò òjò, ẹrẹ̀ pupa á wọ àárín rọ́bà àti rímù, á máa lọ ọ́ bí ọlọ. Ẹ máa yọ rọ́bà náà, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ hú àwọn ẹ̀rún irin tó ń dán kúrò lójú rẹ̀, kí ẹ sì fi yanrìn-pépà ra á. Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rímù tó sì ti jinú bí àwo ọbẹ̀, rímù yẹn ti parí iṣẹ́. Ó lè là lójú ọ̀nà nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mọ́kọ́lá.

Ṣéènì kò fẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ó ki, ó ń kó yanrìn jọ, yanrìn náà ló sì ń jẹ eyín. Ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ dára láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì tí ọyẹ́ ń fẹ́, ṣùgbọ́n òjò ńlá kan á fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ kán ẹyọ kan sórí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ yí i fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá fi àkísà nu gbogbo ìta rẹ̀ mọ́. Inú ló ń fẹ́ ọ́ìlì.

Àwọn bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá títì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ rímù tó wọ́, ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó, ó sì máa ń gún. Ẹ gbé ìyẹn fún wọn láì bẹ̀rù. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n fi òòlù gbá ẹsẹ̀ pẹ́dáàlì kúrò. Irin kan wà tí wọ́n ṣe fún fífà á yọ. Òòlù máa ń ba bẹ́ríìnì tó wà nínú jẹ́. Èkejì ni pẹ́dáàlì òsì: sípánà 15 ló ń tú u, ọ̀tún ni wọ́n sì ń yí i sí láti tú u, ní òdìkejì síkúrù yòókù. Ẹni tí kò mọ̀ á máa fún un mọ́lẹ̀, á fi ọ̀pá irin gùn ún, ìlà inú ihò rẹ̀ á sì họ. Tó bá ti họ, ẹsẹ̀ náà ti di aláìwúlò.

Lọ́jọ́ ìje ńkọ́? Ẹni tó bá gun kábọ́ọ̀nù kìlógíráàmù mẹ́jọ yóò fi kìlógíráàmù méjì fúyẹ́ jù yín lọ. Nínú kìlógíráàmù 85, ìyẹn èèyàn àti kẹ̀kẹ́ pọ̀, kò pé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, orí òkè nìkan ló sì ti hàn gbangba. Lójú ọ̀nà Mọ́níyà sí Ọ̀yọ́, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá, ara èèyàn ló sì ń dí afẹ́fẹ́ jù. Ẹni tó bá tẹ ìgbọ̀nwọ́ tó sì fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn kò ní í mọ ìyàtọ̀ férémù. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí owó tó kù lọ sórí gíà, táyà àti rọ́bà bíréèkì. Ẹ ya ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ẹ ní sọ́tọ̀ fún wọn kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà rárá.

Tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ mú rúlà oníǹṣì dání. Ẹ wọn ẹyọ ṣéènì 24, láti àárín píìnì sí àárín píìnì: íǹṣì 12 géérégé ni tuntun. Bó bá ti fi íǹṣì kan nínú mẹ́rìndínlógún lé e, ẹ ka owó ṣéènì mọ́ iye tí ẹ máa ná. Bó bá fi ìlọ́po méjì ìyẹn lé e, kásẹ́ẹ̀tì náà ti lọ. Ẹ fi ìka tọ ìsàlẹ̀ férémù níbi tí ó ti so mọ́ orí hándù, àti àyíká ibi tí ẹsẹ̀ pẹ́dáàlì wọ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá la ọ̀dà kọjá, tí èékánná ń kọ́ sí, férémù ló ń là. Ẹ di ẹsẹ̀ pẹ́dáàlì mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì láti mọ̀ bóyá bẹ́ríìnì inú rẹ̀ ti jẹ.

Kí ẹ tó fowó sílẹ̀, ẹ fi álánkíì tú síkúrù òpó ìjókòó, kí ẹ fà á sókè. Ìsàlẹ̀ ni òógùn àti òjò máa ń ṣàn sí, inú ihò yẹn sì ni wọ́n ń dúró sí. Òpó tó ti wà nínú àlúmíníọ̀mù fún ọdún mẹ́wàá láì sí gírísì lè lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni fi iná jó wọn pọ̀. Bí kò bá gbéra, tí gíga rẹ̀ kò sì bá ẹsẹ̀ yín mu, ẹ dá kẹ̀kẹ́ náà padà fún un, bó ti wù kó dán tó. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ wọn inú itan yín láti ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi 0.883 sọ ọ́ di púpọ̀: ibẹ̀ ni orí ìjókòó yóò ga dé láti àárín ibi tí ẹsẹ̀ pẹ́dáàlì ti ń yí. Ẹni tí itan rẹ̀ jẹ́ 80 yóò bá 70.6. Ẹ fi gírísì pa òpó náà, kí ẹ tó tì í padà.