Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó gba ooru Ògbómọ̀ṣọ́: kọ́tìnnì, pọlikọ́tìnnì, microfiber àti sátíìnì

Bí oṣù kejì bá ti wọlé ní Ògbómọ̀ṣọ́, títí òjò á fi fìdí múlẹ̀, aṣọ tó wà lórí fóòmù ló ń sọ bóyá èèyàn máa sùn àbí ó máa yíra mọ́jú, pàápàá bí iná bá lọ tí fáànù dúró. Oríṣi mẹ́rin ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní Tàkíé níbí àti ní Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, mo sì ti lo gbogbo wọn nígbà ooru àti nígbà ọyẹ́. Kọ́tìnnì, ìyẹn aṣọ òwú, ló wà lókè pátápátá lójú tèmi. Pọlikọ́tìnnì tí kọ́tìnnì inú rẹ̀ ju ìdajì lọ ló tẹ̀ lé e. Microfiber àti sátíìnì tó ń dán yanran, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti tẹ́ wọn sínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Òógùn ló fà á. Kọ́tìnnì máa ń fa omi mu. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó lè gba omi tó nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kàn án kí ó sì gbẹ. Pọliẹ́sítà, tí wọ́n ń ṣe látinú epo rọ̀bì, tí wọ́n fi ń ṣe microfiber, tí wọ́n sì ń dà pọ̀ mọ́ kọ́tìnnì láti fi ṣe pọlikọ́tìnnì, kì í gbà tó ìdá 1. Òógùn tó bá jáde lára ẹni tó sùn lórí pọliẹ́sítà kò ríbi gbà, àárín awọ ara àti aṣọ ló máa dúró sí, aṣọ á wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ìtẹ́ náà fi tètè ń rùn, kódà kó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ ti tẹ́ ẹ.

Àmọ́ kọ́tìnnì ju kọ́tìnnì lọ. Èyí tí wọ́n hun ní fọ́nrán kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, tí wọ́n ń kọ percale sí lára páálí rẹ̀, ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá jù. Ara rẹ̀ máa ń le díẹ̀ bí ìwé tuntun, ó sì máa ń rún, àfi kí ẹ lọ̀ ọ́ nígbà tí ó ṣì ní ìrì lára. Èyí tí wọ́n pè ní sateen, fọ́nrán rẹ̀ máa ń fo mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó wọlẹ̀, òun ló fi ń jọ̀lọ̀. Kọ́tìnnì lòun náà, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń mú ooru jù, èékánná ẹsẹ̀ sì tètè ń fa fọ́nrán rẹ̀ yọ.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí dẹ́rù bà yín. Iye fọ́nrán tó wà nínú ínṣì kan níbùú lóòró ló yẹ kó dúró fún, 200 sí 400 sì ti tó fún kọ́tìnnì gidi. Tí ẹ bá rí 1000, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n lọ́ fọ́nrán tín-ín-rín méjì tàbí mẹ́rin pọ̀, wọ́n wá ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan. Microfiber tí wọ́n kọ 1800 sí lára, nọ́ńbà yẹn kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ọwọ́ àti ojú ni kí ẹ fi rà á. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tú u kúrò nínú ọ̀rá. Ẹ nà án sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn: bí ẹ bá ń rí ìka yín gedegbe láti ẹ̀yìn rẹ̀, kò ní pẹ́ ya. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì rún un mọ́ra wọn dáadáa. Bí ẹtù funfun bá ń já bọ́, sítáàṣì ni wọ́n fi gbé e dúró, tí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí, á di yẹpẹrẹ. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù nu ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú jù; ohun tó bá yọ sí áńkáṣíìfù náà ló máa yọ sára aṣọ míì nínú bàsíà. Iyọ̀ tí àwọn kan ń dà sómi kò lè dá aró irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dúró.

Omi tí àwọn kan ń kán sí i láti mọ̀ bóyá kọ́tìnnì ni, ó lè tan èèyàn jẹ, torí sítáàṣì ara aṣọ tuntun lè má jẹ́ kó tètè wọlé. Iná ló dájú jù. Ẹ fa fọ́nrán bíi mélòó kan yọ létí aṣọ, kí ẹ ṣáná sí i. Kọ́tìnnì á jó geere, á rùn bí ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án á fọ́. Pọliẹ́sítà á ká kò, á yọ́, á rú èéfín dúdú, ohun tó máa ṣẹ́kù á le bí ìlẹ̀kẹ̀. Tí ẹ bá rí eérú tó ní kóró líle nínú, àdàlù ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí.

Pọlikọ́tìnnì ní ìwúlò tirẹ̀. Kì í rún púpọ̀, ó tètè ń gbẹ nígbà òjò, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Àléébù rẹ̀ ni kóró wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ lára rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ àti èjìká ti ń ha á. Fọ́nrán kékeré ló ń já, pọliẹ́sítà inú rẹ̀ ò sì jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, microfiber máa ń ta pàrà-pàrà tí ẹ bá ń gbé e, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Sátíìnì ọjà, pọliẹ́sítà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó ń yọ̀, ìrọ̀rí á máa bọ́ sílẹ̀. Ibi tí mo ti gbà fún un ni àpò ìrọ̀rí: kì í gún irun, kì í sì í tú irun dídì bíi ti kọ́tìnnì.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni ìwọ̀n. Fóòmù 6 sí 6 jẹ́ ínṣì 72 níbùú. Bí ó bá ga ní ínṣì 10, ẹ fi 20 kún un fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ tún fi 12 kún un fún èyí tí ẹ máa kì sábẹ́: 104. Aṣọ oní-ínṣì 94 kò lè wọlé sábẹ́ fóòmù náà ju ínṣì kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ ò ní mọ́ tó fi máa ká sókè. Ẹ mú téèpù lọ sọ́jà. Tí ó bá jẹ́ olórọ́bà, ẹ wo bóyá rọ́bà náà yí gbogbo etí rẹ̀ ká, torí èyí tó wà ní igun mẹ́rin nìkan tètè ń yọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rán tirẹ̀ fún fóòmù 4.5 sí 6 tó ga ní ínṣì 10, aṣọ oní-ínṣì 94 tó fún un níbùú. Ọ̀pá 5 máa tó fún ìtẹ́ kan àti àpò ìrọ̀rí méjì. Kí télọ̀ tó fi síṣọ́ọ̀sì kàn án, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, torí kọ́tìnnì lè fi ìdá 3 sí 5 nínú 100 sún kì. Ínṣì 5 lè lọ lára ínṣì 104 tí òòró ìtẹ́ náà ń fẹ́. Ańkárá tí wọ́n so méjì pọ̀ dára fún ooru, bí ó bá jẹ́ kọ́tìnnì, àmọ́ kí télọ̀ bo ojú ìrán àárín náà mọ́nú, kó má máa ha èèyàn lẹ́yìn.

Tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ má da blíìṣì sí olórọ́bà, á jẹ rọ́bà náà. Omi kànga tí ọṣẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ hó nínú rẹ̀ ń fẹ́ ṣíṣan lẹ́ẹ̀mẹta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọṣẹ tó kù á mú kọ́tìnnì gan. Ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó sá a, kí ẹ sì ká a kó ní kété tí ó bá ti gbẹ, torí oòrùn ọ̀sán ló ń pa àwọ̀ rẹ̀ ju ọṣẹ lọ.