Fokker F27 ti Nigeria Airways: bàálù tó ń fi ilẹ̀ han èrò

Nínú gbogbo bàálù tí mo ti wọ̀, Fokker F27 ti Nigeria Airways ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Ní àwọn ọdún 1960 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Ìkẹjà lọ sí Benin, Enugu, Kaduna àti Jos, kí Nigeria Airways tó kógbá sílé ní 2003.

Fèrèsé rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn jù. Ó tóbi, ó rí bí ẹyin, apá bàálù sì wà lókè orí wa, kò dí ẹnikẹ́ni lójú. Bí o bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, wàá rí ẹsẹ̀ bàálù gan-an. Bá a ṣe ń gbéra báyìí, táyà á ká wọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ìlẹ̀kùn kékeré á sì pa dé. Nígbà tá a bá fẹ́ balẹ̀, á tún yọ jáde. Bó ṣe kan ilẹ̀, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ á rú.

Ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce Dart méjì ló ní, ohùn wọn ń han fíín, mo sì fẹ́ràn ohùn yẹn. Torí pé kì í fò ga tó jẹ́ẹ̀tì, a máa ń rí odò, oko àti òrùlé páànù. Ọ̀nà Jos ló dùn jù lójú tèmi, pẹ̀lú àwọn àpáta rẹ̀. Lásìkò òjò, ìkùukùu máa ń mi bàálù dáadáa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un. Ẹni tó bá dé Netherlands, kó yà sí Aviodrome, ilé àkójọ àwọn bàálù àtijọ́ ní Lelystad. Wọ́n ní F27 kan níbẹ̀.