Dọ́là Fàdákà Mẹ́rin àti Ayédèrú Kan: Ohun Tí Ìwọ̀n Fi Hàn Mí

Iwájú mi ni wọ́n wà lórí aṣọ dúdú bí mo ṣe ń kọ èyí: dọ́là fàdákà mẹ́rin ti Amẹ́ríkà, mẹ́ta jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Morgan, ọ̀kan jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Peace. Àbúrò mi tó ń gbé ní Baltimore ló bá mi rà wọ́n lọ́dún 2023 ní ṣọ́ọ̀bù owó àtijọ́ kan níbẹ̀. Dọ́là 38 ni wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkarùn-ún wà lọ́tọ̀ nínú àpòòwé. Èmi fúnra mi ni mo ra ìyẹn lórí fóònù láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Iṣẹ́ láàbù ni mo ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Agolo mílíìkì kan tí ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, fi sílẹ̀ ló mú mi wọ ọ̀rọ̀ owó àtijọ́. Kọ́bọ̀ onihò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè ló kún inú rẹ̀, owó tí wọ́n pa nídìí èkùrọ́. Nígbà tí mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣílè méjì péré ni mo bá tó jẹ́ fàdákà, ti ọdún 1913 àti ti 1914, igi ọ̀pẹ wà lójú kan wọn. Láti 1920 ni ìjọba òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ṣílè tiwa. Ṣílè méjì yẹn fúyẹ́, ọ̀kan kò pé gíráàmù 6. Mo wá ń rò ó pé báwo ni fàdákà ńlá ṣe máa ń rí lọ́wọ́ ẹni.

Ó wúwo. Gíráàmù 26.73 ni wọ́n ní kí Morgan wọ̀n, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 38.1, bí a bá sì pín in sọ́nà mẹ́wàá, mẹ́sàn-án jẹ́ fàdákà, ìyókù jẹ́ bàbà. George T. Morgan ló ya àwòrán rẹ̀. Orí obìnrin wà lójú kan, òwú àti àlìkámà nínú adé rẹ̀. Ẹyẹ idì tó na ìyẹ́ wà lójú kejì. Ọdún 1878 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́, wọ́n dáwọ́ dúró ní 1904, wọ́n tún padà rọ ọ́ ní 1921. Ìdí tí wọ́n fi padà ni pé òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1918 mú kí ìjọba wọn yọ́ dọ́là fàdákà tó lé ní mílíọ̀nù 270, òfin yẹn kan náà sì ní kí wọ́n rọ òmíràn dípò rẹ̀. Nítorí náà ni ti 1921 ṣe pọ̀ bí iyanrìn: Philadelphia nìkan rọ ohun tó lé ní mílíọ̀nù 44.

Ọ̀kan nínú mẹ́rin mi jẹ́ ti 1921 yẹn. Kò wù mí tó àwọn yòókù. Àwòrán rẹ̀ pẹlẹbẹ, ìyẹ́ àyà idì náà kò yọ dáadáa. Àmọ́ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òun ni kí ẹ rà. Kì í sábà wọ́n tó àwọn Morgan yòókù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti 1900 láti New Orleans. Bí ẹ bá yí i dojú dé láti òkè sí ìsàlẹ̀ (bẹ́ẹ̀ ni owó Amẹ́ríkà ṣe ń yí), ẹ ó rí lẹ́tà O kékeré kan lábẹ́ ewé tí wọ́n hun, lókè ọ̀rọ̀ DOLLAR. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́ sí: O fún New Orleans, S fún San Francisco, CC fún Carson City, ti Philadelphia kò ní lẹ́tà kankan. Ọjọ́ tó dé, mo wo irun tó wà lókè etí obìnrin náà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Inú mi bàjẹ́. Mo pe àbúrò mi lóru ọjọ́ yẹn, mo ní owó tó ti jẹ tán ni wọ́n tà fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e sí oòrùn ná.”

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lójú fèrèsé láàbù, mo di etí owó náà mú, mo sì ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri lójú rẹ̀ bí ìgbà tí wáyà àgbá kẹ̀kẹ́ bá ń yí, ó gba orí irun tó tẹ́ yẹn kọjá, kò sì kú níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ọwọ́ kọ́ ló fá irun náà. Àwọn ará New Orleans kì í sáábà tẹ owó tiwọn le tó, bẹ́ẹ̀ ni irun náà ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́. Ibi tí ọwọ́ bà gan-an ni egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti etí adé: ibẹ̀ ṣú díẹ̀, ó dà bí eérú tútù, ìmọ́lẹ̀ tó ń yí yẹn sì máa ń já tó bá débẹ̀. Owó tí wọ́n ná díẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń yẹ owó wò láti mọ bó ṣe gbó tó máa ń fún un ní nọ́ńbà láti 1 dé 70 (70 ló dára jù), irú èyí sì máa ń bọ́ sáàárín 50 sí 58. Ẹni tó bá ń ra owó tí kò mọ ìyàtọ̀ ojú tó tẹ́ àti ojú tó fá, wọn yóò rẹ́ ẹ jẹ.

Mo fẹ́ràn irú owó báyìí ju èyí tí ọwọ́ kò bà rí lọ. Ẹnì kan ti fi ra nǹkan rí. Èmi náà lè gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ láìbẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ gbogbo àwòrán rẹ̀ ṣì pé.

Ti 1896, láti Philadelphia, ìbànújẹ́ ni. Nígbà tó dé, àwọ̀ rẹ̀ rí bí oyin tó ṣú, pẹ̀lú búlúù díẹ̀ létí. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, rò pé ó dọ̀tí ni. Ó fi ọṣẹ ìfọyín àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó sì fi ayọ̀ gbé e fún mi. N kò bá a wí, torí pé n kò kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ó ti funfun báláú báyìí, ojú búrọ́ọ̀ṣì sì hàn lára rẹ̀ bí ojú ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀ eléruku. Iyì rẹ̀ ti wálẹ̀ lójú àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ owó àtijọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, ẹ má fi eérú nù ún.

Peace ti 1922 kò ní wàhálà kankan. Ó rẹwà, wọ́n rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu, ó wà nílẹ̀.

Ó wá ku èyí tó wà nínú àpòòwé. Ẹnì kan gbé e jáde fún títà: 1889, lẹ́tà CC, dọ́là 120. Carson City rọ 350,000 péré lọ́dún náà, ojúlówó rẹ̀ tí wọ́n ná díẹ̀ sì ń lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ó yẹ kí iye yẹn ti kìlọ̀ fún mi. Ojú kòkòrò ni mo fi sanwó. Nígbà tó dé, mo fi òòfà kàn án, òòfà kò fà á, ọkàn mi balẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òòfà kì í fa bàbà, kì í fa idẹ. Orí ìwọ̀n láàbù ni àṣírí ti tú: gíráàmù 24.1. Owó tí wọ́n ná díẹ̀ kò lè sọ gíráàmù méjì àbọ̀ nù.

Mo tún dán an wò nínú omi. Ẹ bu omi sínú ife, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, ẹ dá ìwọ̀n padà sí òdo. Ẹ fi òwú ìránṣọ so owó náà, ẹ rì í sínú omi kó má kan ìdí ife, kó má kan ẹ̀gbẹ́. Iye tí ìwọ̀n bá kọ, ẹ fi pín ìwọ̀n owó náà gan-an. Ti 1900 mi wọ̀n 26.7, inú omi kọ 2.58, èsì rẹ̀ jẹ́ 10.3, bó ṣe yẹ kí fàdákà owó rí. Ti ayédèrú kọ 2.75, èsì rẹ̀ kò dé 9. Mo wá gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lé lẹ́tà CC náà, ròrẹ́ wẹ́wẹ́ kún ìdí rẹ̀. Ẹni tó tà á kò gbé fóònù mi mọ́. Ìwọ̀n kékeré táwọn alágbẹ̀dẹ góólù ń lò tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má rà kí ẹ tó ní in.

Ọ̀rọ̀ títà ńkọ́? N kò ní parọ́, kò rọrùn níbí. Mo gbé ti 1921 lọ fún bàbá alágbẹ̀dẹ góólù kan nítòsí Ọjà Ọba ní Adó. Wọ́n jù ú sórí irin, wọ́n tẹ́tí sí bó ṣe ń dún, ojú wọn tàn. “Fàdákà gidi ni, ọmọ mi. Jẹ́ ká yọ́ ọ, ẹ̀gbà ọwọ́ méjì wà níbẹ̀.” Iye fàdákà inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ san, kò sì tó ìdajì ohun tí mo rà á nígbà yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbé owó mi. Bí ẹ bá rà á torí kí ẹ tètè tà á lÉkìtì, ẹ ó kábàámọ̀.

Òjò Èkìtì náà kò dáa fún wọn. Mo kó wọn sínú ike líle, n kì í lo ọ̀rá rírọ̀ tó máa ń mú kí ara fàdákà yọ àwọ̀ ewé, mo sì fi àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, sínú dúrọ́ọ̀ wọn. Ṣílè ìyá àgbà méjèèjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Àbúrò mi ń bá mi wá 1878 láti Carson City báyìí, èyí tí PCGS tàbí NGC, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó àtijọ́ wò ní Amẹ́ríkà, ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì ti tì mọ́nú ike. Mo ní kó má yára. Ó lè gbà á tó ọdún kan.