Kílípà oníwáyà àbí oníbátìrì: èwo ló yẹ ẹṣin kọ́ọ̀bù tó ń lọ síbi àfihàn?

Kílípà ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irun ara ẹṣin; kọ́ọ̀bù sì ni irú ẹṣin kúkurú tó ki, tó sì lágbára. Kí ẹ tó náwó, ẹ mọ ẹgbẹ́, ìyẹn ìsọ̀rí ìdíje, tí ẹṣin yín máa wọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kọ́ọ̀bù ìbílẹ̀, gògò, ìrù àti irun yẹtuyẹtu tó bo ẹsẹ̀ dé pátákò gbọ́dọ̀ pé. Wọn kì í dì í. Ẹgbẹ́ show cob ni wọ́n ti ń fá gògò kanlẹ̀, tí wọ́n sì ń gé irun ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì gé irun ẹsẹ̀ lè dúró ju ọdún kan lọ kó tó gùn padà. Nítorí náà, ara àti orí nìkan ni kílípà wa wà fún.

Irun kọ́ọ̀bù nípọn, ó sì ki. Kílípà ńlá oníwáyà, tí agbára mọ́tò rẹ̀ tó nǹkan bíi 200 watt, kì í rẹ̀ lórí rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo ju kílò kan lọ, ó ń pariwo, waya rẹ̀ sì lè bọ́ sábẹ́ pátákò. Ẹ má ṣe kì í bọ ihò iná tí kò ní ẹ̀rọ tó ń já iná fúnra rẹ̀.

Oníbátìrì fúyẹ́, ohùn rẹ̀ kéré, ó dára fún ẹṣin tó ń bẹ̀rù àti ilé ẹṣin tí kò níná. Ṣùgbọ́n gígé gbogbo ara kọ́ọ̀bù lè gba wákàtí méjì sí mẹ́ta, bátìrì kan kì í sábà gbé e dópin. Bó bá ti ń kú lọ, abẹ á máa fa irun dípò kó gé e, ẹṣin á sì máa fò. Ẹ má ra ẹyọ kan láìní bátìrì kejì.

Ẹni tó ní iná àti ẹṣin kan, a ní kó ra oníwáyà, kó fi oníbátìrì kékeré kún un fún ẹ̀gbẹ́ etí àti àgbọ̀n. Ẹ má fi kékeré yẹn gé ara, mọ́tò rẹ̀ á jó. Irun ìmọ̀lára tó wà ní ẹnu àti yíká ojú, ẹ fi í sílẹ̀.

Abẹ ló ń bà jẹ́ ju mọ́tò lọ. Abẹ aláàárín, tó ń fi nǹkan bíi mìlímítà méjì sílẹ̀, ló tọ́. Èyí tó ń gé irun kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń tètè fi ìlà hàn. Abẹ ilé iṣẹ́ kan kì í sábà bá ti òmíràn mu, ẹ bi olùtà. Bí ìdè abẹ méjèèjì bá dẹ̀ jù, irun á há sí àárín wọn. Bó bá le jù, á gbóná, á sì kú. Ẹ máa kán epo sí i ní gbogbo ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án wò bóyá ó ti gbóná. Ẹ̀gbin ń pa abẹ kíákíá, nítorí náà ẹ wẹ ẹṣin, kó sì gbẹ pátápátá.

Ẹ gé e lòdì sí bí irun ṣe hù, ẹ dúró díẹ̀ lókè orúnkún, kí ẹ wá fi abẹ bá irun lọ níbẹ̀ kí ààlà má baà hàn. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gògò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irun gán-ń-gán á yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ 10 sí 14 ṣáájú àfihàn. Òróró tí wọ́n ń pè ní pig oil, tí wọ́n fi imí ọjọ́ pò, wúlò fún irun ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò lójú kan fún wákàtí 24, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kúrò kó tó di ọjọ́ àfihàn, torí pé á pọ́n irun funfun, á sì gbé eruku.